Iṣẹ́ RNA Kéékèèké Nínú Ikú Sẹ́ẹ̀lì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ mu, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi.

Kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ni ó ń kú ikú ìjàǹbá. Òmíràn a máa tú ara rẹ̀ ká nígbà tí ó bá yẹ, kí ara lè gún. Nínú oyún, ìka ọmọ a kọ́kọ́ so pọ̀. Ikú àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín wọn ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. 'Ikú elétò' ni mo pe èyí. N kò pè é ní ìpara-ẹni, nítorí ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni ìyẹn, ire ara sì ni ikú yìí wà fún.

Ta ni ó wá ń ṣètò rẹ̀? A mọ RNA ìránṣẹ́, tí ó ń jíṣẹ́ DNA kí sẹ́ẹ̀lì lè mọ púrótéènì. Ṣùgbọ́n RNA mìíràn wà tí kì í di púrótéènì rárá. Ní 1993, Victor Ambros àti Gary Ruvkun fi hàn nínú aràn kékeré kan pé irú RNA bẹ́ẹ̀ lè dá ìránṣẹ́ lẹ́kun. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2024.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Púrótéènì BCL2 kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kú. RNA méjì, miR-15a àti miR-16-1, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju nǹkan bí lẹ́tà 22 lọ, ni ó ń lẹ̀ mọ́ ìránṣẹ́ BCL2, kí BCL2 má baà pọ̀ jù. Ní 2002, ẹgbẹ́ Carlo Croce ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn méjèèjì ti sọnù tàbí dínkù lára ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tí ó wọ́pọ̀ láàrin àgbàlagbà. Ní 2005 ni wọ́n fi hàn pé BCL2 ni wọ́n ń ká lọ́wọ́ kò. Bí kò bá sí wọn, sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí ó kú yóò kọ̀, yóò sì máa kún ẹ̀jẹ̀. Láti 2016 ni a ti fàṣẹ sí oògùn venetoclax ní Amẹ́ríkà. BCL2 gan-an ni ó ń dè lọ́wọ́, kí sẹ́ẹ̀lì àrùn lè kú.

Nígbà kan, àwọn onímọ̀ kan pe ọ̀pọ̀ DNA tí kì í mú púrótéènì jáde ní pàǹtí. Orúkọ tí a fún nǹkan lè fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Nítorí náà, kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó sọ ohun ìjìnlẹ̀ báyìí lórúkọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe.