Àṣàyàn Àgbà Aṣètò Ẹ̀yìn Kọ̀ǹpútà àti Àkọtọ́ Yorùbá

Ìfáárà

Ní àwọn ilé oúnjẹ tó wà lẹ́bàá márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ní Ìbàfò àti Mowé, ẹni tó ń gbé àwo wá ni oníbàárà ń rí. Ẹni tó wà nídìí ààrò lẹ́yìn ilé, tó mọ iye iyọ̀ tó wọ inú ọbẹ̀, kì í sábà jáde síta. Irú ìpín iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló wà láàrin àwọn aṣètò kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ń ṣe ojú ètò, ìyẹn àwọ̀, àwòrán àti bọ́tìnnì tí ènìyàn ń tẹ̀ lórí fóònù. Àwọn kejì ni iṣẹ́ yìí pè ní aṣètò ẹ̀yìn. Àwọn ló ń kọ òfin tí ètò ń tẹ̀ lé, àwọn náà ló sì ń bójú tó àká dátà, níbi tí orúkọ, owó àti ọ̀rọ̀ ń gbé bí àgbàdo ṣe ń gbé inú àká. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé díẹ̀ nínú ìpinnu tí aṣètò ẹ̀yìn ń ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọtọ́ àti ohùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé onímọ̀ èdè kì í sábà sí nítòsí nígbà tí ó bá ń ṣe é.

Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́

Àpẹẹrẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti Ṣọlá Akínládé, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Babcock, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó ti kọ́kọ́ ṣe Precurio, ètò tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà fi ń pín ìwé àti ìròyìn láàrin ara wọn. Ní 2015, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ dá Paystack sílẹ̀ láti máa bá àwọn oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2020 ni Stripe ti Amẹ́ríkà ra ilé-iṣẹ́ náà ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Kí ọ̀dọ́ má ṣe rò pé ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń já sí o. Owó oṣù ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà.

Ìmọ̀ tó wà nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Bí owó bá fẹ́ kúrò nínú àkáǹtì kan bọ́ sí òmíràn, ìgbésẹ̀ méjì ni: kí a yọ ọ́ níhìn-ín, kí a fi kún tọ̀hún. Bí iná bá lọ láàrin méjèèjì ńkọ́? Aṣètò ẹ̀yìn tó mọṣẹ́ yóò ti kọ òfin pé yálà kí ìgbésẹ̀ méjèèjì wáyé tàbí kí ọ̀kankan má wáyé. Ìrònú nípa ohun tó lè bàjẹ́ ni ó fi yàtọ̀ sí ọ̀gbẹ̀rì.

Ìrònú yìí náà ló ń darí àṣàyàn rẹ̀. Irinṣẹ́ tó ti gbó, tí àléébù rẹ̀ ti hàn sí gbogbo ènìyàn, ni ó sábà máa ń yàn ju èyí tó jáde lánàá lọ. SQL, èdè tí a fi ń bá àká dátà sọ̀rọ̀, ti wà láti 1974, nígbà tí Chamberlin àti Boyce ṣe é ní IBM, a ṣì ń lò ó. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í gbé àyípadà tuntun sórí ètò lọ́jọ́ Ẹtì, kí wàhálà má baà bá ìsinmi ọ̀sẹ̀ wọn.

Ibi tí àkọtọ́ ti wọ inú àká

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ló mọ̀. Nínú ìlànà Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ènìyàn lè fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé ọ. Ó lè fi àmì abẹ́ sí ò. Ó sì lè mú o lásán, kí ó to àmì abẹ́ àti àmì ohùn tẹ̀ lé e. Lójú òǹkàwé, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ẹ̀rọ tí a kò kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fi ọ̀nà kìíní kọ Ọ̀ṣun sínú àká, tí ẹlòmíràn fi ọ̀nà kejì wá a, ẹ̀rọ yóò ní kò sí níbẹ̀. Nítorí èyí ni àgbà aṣètò fi máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà kan kí ó tó tọ́jú rẹ̀.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ wà. MySQL jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò àká dátà tí ènìyàn ń lò jù. Títí di 2018 tí ẹ̀dà 8.0 jáde, bí aṣètò kò bá yí i padà, àkójọ lẹ́tà Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù ni ó ń lò, kò sì sí ẹ, ọ àti ṣ nínú rẹ̀. Bí a bá kọ Ọláṣeéní sí i, yóò kọ̀ ọ́, tàbí kí ó fi àmì ìbéèrè rọ́pò lẹ́tà tí kò mọ̀. Ẹ̀dà 8.0 gba gbogbo lẹ́tà wọlé, àmọ́ ìlànà ìfiwéra tó bá a wá, utf8mb4_0900_ai_ci, kì í ka àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí. Lójú rẹ̀, oko, òkò, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Fún ẹni tó ń wá nǹkan kíákíá, èyí wúlò: bí ó bá tẹ “Ogun”, Ògùn yóò jáde. Ṣùgbọ́n àjálù ni fún ẹni tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè. Bí ó bá ti pàṣẹ pé ọ̀rọ̀ kan kò gbọ̀dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, àká yóò gba ọkọ, yóò sì lé ọkọ́ àti ọkọ̀ padà, yóò ní wọ́n ti wà níbẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá tó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọmọ pé ohùn ń fi ìyàtọ̀ ìtumọ̀ hàn yóò mọ ohun tí èyí jẹ́. Lẹ́tà kan péré ni ìwòsàn rẹ̀: kí aṣètò sọ ai inú orúkọ ìlànà náà di as. Ọ̀pọ̀ kò ṣe é nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ohùn ṣe pàtàkì. Ẹni tó ti gbọ́n nídìí iṣẹ́ máa ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà méjì: bí ẹni tó ni ín ṣe kọ ọ́ gan-an, àti láìní àmì, fún wíwá nìkan.

Àwọn ibì kan wà tí onímọ̀ èdè àti aṣètò ti jọ jókòó. Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè, àti àwọn aṣètò ló jọ gbé YorubaName.com jáde ní 2016, níbi tí a ti ń rí orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn àti ìtumọ̀. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá, onímọ̀ ẹ̀rọ, dá Alt-i sílẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lórí àwọn èdè Áfíríkà.

Ohun tó kan yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Èkó ló ń gbé Ìbàfò, láti 2015 sì ni Mountain Top University ti wà ní agbègbè náà. Olùkọ́-nínú-ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni níbẹ̀ lè bá ẹni tó ń kọ́ aṣètò ẹ̀yìn pàdé láìwá a jìnnà. Kí ó mú iṣẹ́ kékeré kan lọ: ọ̀rọ̀ márùn-ún òkè yẹn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ wọ́n sórí fóònù, kí wọ́n wá ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ohun tí ẹ̀rọ fi hàn wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wo ìwé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn tó wà lórí kọ̀ǹpútà, kí oníkálukú wò bóyá orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe sọ ọ́.