Ọmọ yín parí ìwé l'Amẹ́ríkà, ó ń ṣiṣẹ́: kí ni wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀?

Àgbẹ̀ Òfìkì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, tó fi owó iṣu àti kajú rán ọmọ lọ sí yunifásítì l'Amẹ́ríkà, mọ ohun tí ojú òun rí. Náírà ni bàbá ń pa, dọ́là ni ilé-ìwé ń gbà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tòní fi kan òbí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ló ń ṣiṣẹ́.

Bí ọmọ tó bá físà F-1 lọ bá gboyè tán, ìjọba Amẹ́ríkà lè fún un láyè láti fi oṣù 12 ṣiṣẹ́ tó jẹ mọ́ ohun tó kọ́. OPT ni wọ́n ń pe àyè yìí. Ẹni tó kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ìṣirò lè gba oṣù 24 mìíràn lé e.

Níbi iṣẹ́ ọ̀hún, oríṣi owó méjì ni wọ́n sábà máa ń yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Èkíní ni owó orí tí gbogbo wa mọ̀. Ìyẹn kò yẹ̀ lórí ọmọ yín, kí ó san án. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní FICA: ìdá 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó ọjọ́ ogbó, àti ìdá 1.45 fún ìtọ́jú ìlera àwọn arúgbó. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7.65. Ó fẹ́ jọ ìdá 8 tí wọ́n ń yọ fún owó ìfẹ̀yìntì lọ́dọ̀ tiwa níbí lábẹ́ òfin ọdún 2014, àmọ́ tiwa ń wọ àpò tó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ gan-an. Ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ owó ọjọ́ ogbó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ tó nǹkan bí ọdún 10, kò sì sí àdéhùn láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà tó lè mú kí wọ́n da iṣẹ́ ibí pọ̀ mọ́ tọ̀hún. Ẹni tó san án fún ọdún 2 tó sì padà wálé, ó ti bá wọn dá èsúsú tí kò ní kó.

Òfin owó orí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ní abala 3121(b)(19), ló yọ akẹ́kọ̀ọ́ F-1 kúrò nínú FICA, títí kan àsìkò OPT, níwọ̀n ìgbà tí òfin owó orí bá ṣì kà á sí àlejò. Ọdún 5 ni ó fi ń jẹ́ àlejò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í kà. Ọdún orí kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń kà, kì í ṣe oṣù 12 láti ọjọ́ tó balẹ̀. Bí ó bá balẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá, ọdún kan ti lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ méjì. Ọ̀kan débẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2022 fún ìwé ọdún 2, ó sì parí ní 2024. Ọdún 2022 dé 2026 ni tirẹ̀, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ san FICA títí 2026 yóò fi parí. Èkejì débẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2021 fún ìwé ọdún 4, ó parí ní 2025. Ìparí 2025 ni àyè tirẹ̀ dópin, ó ń san láti oṣù kìíní 2026. Ẹni tó bá sì gba físà iṣẹ́ H-1B, láti ọjọ́ tí ìyẹn bá bẹ̀rẹ̀ ni yóò ti máa san, kódà bí ọdún 5 rẹ̀ kò tíì pé.

Bí àkọ́kọ́ yẹn bá ń gba 60,000 dọ́là lọ́dún, tí wọ́n sì ń yọ FICA, 4,590 dọ́là ló ń lọ lọ́dọọdún. Ọ̀gá rẹ̀ náà ń san iye kan náà lórí rẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò yẹ kí ó bẹ̀rù láti bá ọ̀gá sọ ọ́, èrè àwọn méjèèjì ni. Ẹni tó ń ṣe owó oṣù lè má mọ̀, torí òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe àlejò ló mọ́ ọn lára.

Ìwé W-2 tí iléeṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ọdún ni kí ó yẹ̀ wò, àpótí 4 àti 6. Bí iye bá wà níbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí ọ̀gá kò bá dá a padà, fọ́ọ̀mù 843 àti 8316 ni yóò fi ránṣẹ́ sí IRS, àjọ tó ń gba owó orí níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà W-2, físà, ìwé I-20 àti káàdì ìyọ̀ǹda iṣẹ́. Àmọ́ kí ó ṣọ́ra: fọ́ọ̀mù 1040-NR ni àlejò fi ń jíyìn owó orí. Ẹni tó bá lo 1040 lásán ti sọ fún ìjọba pé òun kì í ṣe àlejò mọ́.

Àwọn tó wà ní London kò ní irú àyè yìí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ìwé ń san National Insurance bí ọmọ onílùú. Ní Amẹ́ríkà náà, àwọn aṣòfin kan gbé àbá wá ní 2025 pé kí wọ́n fagi lé àyè àwọn OPT. Kí ọmọ tó fẹ́ gbaṣẹ́ béèrè ní ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè nílé-ìwé rẹ̀ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Owó tí wọ́n ti yọ tẹ́lẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni: ti ọdún 2024, ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2028 ni àkókò láti béèrè rẹ̀ yóò parí.