Oòrùn Ò Lè Sọ Kátíríìjì Ìbòmú Di Tuntun

Ìbéèrè: Pẹ́ńtà mọ́tò ni mí n'Íbàdàn. Ìbòmú oníkátíríìjì méjì ni mo fi ń fín ọ̀dà. Ẹni tó ń tà á ní èédú èèpo àgbọn wà, èédú inú ilẹ̀ náà wà, ṣùgbọ́n ti àgbọn wọ́n jù. Èwo ni kí n rà? Tèmi kì í tètè bàjẹ́, torí mo máa ń sá a sóòrùn lọ́jọ́ọ̀jọ́ Àìkú. Bí mi ò bá tíì gbọ́ òórùn tínà, mo mọ̀ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìdáhùn: Ọ̀gá Pẹ́ńtà, inú mi dùn pé ẹ ń bo imú yín, torí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín ló ń fi ankáṣíìfù lásán fín ọ̀dà. Bí owó bá ká a, ti àgbọn ni kí ẹ rà: àwọn ihò tó kéré jù lọ ló pọ̀ nínú rẹ̀, irú ihò bẹ́ẹ̀ ló sì ń di gáàsì fífúyẹ́ mú. Ọ̀rọ̀ rírà ti tán nìyẹn. Èyí tí ẹ fi parí lẹ́tà yín ló bà mí lẹ́rù.

Ẹ rò pé asẹ́ ni kátíríìjì, pé bó bá dọ̀tí, a lè gbọ̀n ọ́n nù. Kì í ṣe asẹ́ rárá. Èédú tí wọ́n ń pè ní activated carbon yìí, ooru omi tó gbóná tó 800 sí 1,000 ìwọ̀n Celsius ni wọ́n sábà fi ń la ihò sí i nínú, débi pé bí wọ́n bá tẹ́ ojú gbogbo ihò inú nǹkan bíi gíráàmù 7 sílẹ̀, á kárí pápá bọ́ọ̀lù kan. Ojú ihò yẹn ni tínà ń lẹ̀ mọ́. Kò kú, kò yí padà. Ó kàn lẹ̀ mọ́ ọn ni, ó sì lè bọ́.

Ooru ló ń mú un bọ́, lóòótọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gba tínà padà máa ń fẹ́ ooru omi tó gbóná ju 100 lọ gba inú èédú kọjá, láti ẹ̀yìn wá síwájú ni wọ́n sì sábà ń fẹ́ ẹ. Oòrùn Ìbàdàn ò lágbára yẹn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tú díẹ̀ nínú tínà tó wà níwájú, èyí á sì rọra rìn lọ sí apá ibi tí ẹ ti ń mí. Ẹ wọ̀ ọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, òun lẹ kọ́kọ́ fà símú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá a mọ́. Kódà bí ẹ bá kàn gbé e kọ́ sára ògiri lálẹ́, tínà inú rẹ̀ ṣì ń rìn, ọ̀rinrin ìgbà òjò á sì tún gba àyè nínú èédú náà.

Èyí tí mi ò ní yé sọ rèé: tínà kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Acetone sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n 56 ló ti ń hó. Toluene náà lè wà níbẹ̀, òun ń hó ní nǹkan bí 111. Acetone ò lè di èédú mú dáadáa, toluene ń dì í mú gírígírí. Ẹ wo òde ìnáwó. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ jókòó síwájú. Bí àgbà bá dé, wọ́n á ní kí wọ́n dìde, wọ́n á sún sẹ́yìn. Bí àgbà bá tún dé, wọ́n á tún sún, títí àga ẹ̀yìn á fi tán, tí wọ́n á wá dà síta lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á pọ̀ ju àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé lọ. Ohun tí toluene ń ṣe fún acetone gan-an nìyẹn. Ìgbà kan á wà tí acetone tó ń jáde sí yín nímú á pọ̀ ju èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ, ìbòmú sì wà lójú yín!

Bẹ́ẹ̀, gáàsì kan ṣoṣo ni wọ́n sábà fi ń dán kátíríìjì wò. Cyclohexane ni wọ́n fi ń dán irú A, aláwọ̀ búráùn, wò nílẹ̀ Yúróòpù. Fún àwọn gáàsì tó ń hó ní 65 wá sísàlẹ̀, irú AX ni wọ́n ṣe lọ́tọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní ká lò ó.

Ẹ má fọkàn tán imú yín. Imú tó ti ń gbọ́ tínà láti àárọ̀ kì í gbọ́ ọ mọ́ lọ́sàn-án. Láti 1998 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn agbanisíṣẹ́ pé kí wọ́n dá ìgbà tí wọ́n á máa pààrọ̀ kátíríìjì, bí kò bá ti ní àmì tó ń fi hàn pé ó ti tán. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀, ẹ dì í pinpin sínú ọ̀rá bí ẹ bá ti ṣíwọ́, ẹ má sì dúró de òórùn kí ẹ tó ra òmíràn.

Ẹ ò sọ irú ọ̀dà tí ẹ ń fín. Bó bá jẹ́ èyí tí ẹ ń po hardener mọ́, ẹ ka ara agolo rẹ̀. Bí ẹ bá rí isocyanate níbẹ̀, ẹ gbé kátíríìjì sílẹ̀ pátápátá: ó ń fa ikọ́ fée, òórùn rẹ̀ ò sì ní ta yín lólobó. Ìbòmú tí páìpù ń gbé afẹ́fẹ́ mímọ́ wọ̀ ló yẹ yín, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, torí carbon monoxide tó ń ti ibẹ̀ jáde ò lóòórùn, èédú kankan nínú kátíríìjì yín ò sì lè dá a dúró.