Bí Ọmọ Tó Ní Àìsàn Fòníkú-fọ̀ladìde Bá Ń Lọ sí Yunifásítì
Láti kékeré ni ìyá ti ń rán ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde létí oògùn rẹ̀; lọ́jọ́ tó bá wọ yunifásítì, òun nìkan ló kù. Kí òbí kọ́ ọ ṣáájú pé àìmu omi tó, òtútù ọyẹ́ àti ibà lè gbé ìrora dé. Kí ó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀pọ̀ òbí ń fi àìsàn yìí pamọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí alábàágbé rẹ̀ kan mọ̀, nítorí ẹni tí ìrora ká mọ́lẹ̀ lóru lè má lè ké. Bí tẹmómítà bá fi 38 hàn, tàbí tí àyà ń dùn ún, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kẹ́míìsì.