Ṣé Àwọn Òpó Salisbury Ṣẹ̀ṣẹ̀ Tẹ̀ Ni?

Ìbéèrè: Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo máa ń lọ sí Kàtídírà Salisbury, mo sì fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Láìpẹ́ yìí ni mo mú ọmọ mi lọ. Òun ló pariwo pé, “Mọ́mì, ẹ wo òpó yìí, ó tẹ̀!” Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ni, àbí ojú ló ń tàn wá? Ta ló sì fín ìkarahun ìgbín sára òkúta òpó náà?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ọmọ yín, ojú rẹ̀ mú. Ohun tó rú yín lójú ni pé ilé tí ẹ ti mọ̀ dunjú tún gbé nǹkan tuntun kò yín. Ojú ò tàn yín rárá. Òpó náà tẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti tẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà lójú yín nígbà tí ẹ ń lọ síbẹ̀.

Ọdún 1220 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1258. Ṣóńṣó gíga tí à ń rí lókèèrè kò tíì sí níbẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ilé gogoro àti ṣóńṣó lé àárín rẹ̀, títí ó fi ga tó mítà 123. Kò sí ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì tó ga tó o ní gbogbo Britain. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 6,500 ni wọ́n fi kún ẹrù òpó mẹ́rin tó ti dúró tipẹ́. Ẹ fojú inú wo alágbàárù tó ti gbẹ́rù dìde, tí wọ́n wá tún gbé òmíràn lé e lórí: ọrùn á tẹ̀ díẹ̀, kó tó rí ẹsẹ̀ dúró.

Ṣóńṣó náà kò wó, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀lé ò fi í sílẹ̀. Wọ́n fi òkúta ti ògiri lẹ́yìn, wọ́n sì fi irin dì í. Ní 1668, Christopher Wren, ayàwòrán ilé, wá wọn ṣóńṣó náà, ó sì rí i pé ó ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 75. Nígbà tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò níbi tí Wren bá a.

Ìkarahun yẹn, ẹnikẹ́ni ò fín in. Ìgbín inú omi ayé àtijọ́ ni. Àwọn ló pọ̀ nínú òkúta Purbeck láti Dorset tí wọ́n fi ṣe òpó náà, dídán tí wọ́n dán an ló sì gbé wọn jáde.

Kí ló dé tí ẹ ò fi rí títẹ̀ náà tẹ́lẹ̀? Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, pẹpẹ àti àjà ló máa ń wò, láti ibẹ̀ sì rèé, gbogbo òpó dà bí èyí tó dúró ṣánṣán. Àfi kéèyàn dé àárín, kó fara ti ìdí òpó, kó wòkè. Ó jọ pé ibẹ̀ gan-an ni ọmọ yín dúró sí. Bí ẹ bá tún lọ, ẹ wo òkúta tí wọ́n tò ní títẹ̀ láti orí òpó kan dé èkejì níbẹ̀. Ó rẹwà débi pé ọ̀ṣọ́ lèèyàn á pè é, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n fi sí i kí àwọn òpó náà má baà tẹ̀ sí i.