Èdè-Ìperí fún Àpótí Ìtọ́jú Àkọ́kọ́ nínú Ilé

1. Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò tí ó yẹ kí ó wà nílé nítorí ìfarapa òjijì ni a lè rà lọ́dọ̀ àwọn apoògùn. Orúkọ tí a ó fi pè wọ́n ní Yorùbá ni ó ń dààmú olùkọ́ àti ògbufọ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ díẹ̀ wò nínú wọn. Ìlànà wa ni pé ọ̀rọ̀-ìperí kò gbọdọ̀ ṣi ẹni tí ó ń kánjú lọ́nà.

2. Orúkọ àpótí náà

Àwọn kan ń pè é ní 'àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì'. Èyí kò burú, ṣùgbọ́n ìkánjú nìkan ni 'pàjáwìrì' ń tọ́ka sí. 'Àkọ́kọ́' ni a fara mọ́, nítorí pé ohun tí ó bá jẹ́ àkọ́kọ́ ń retí èkejì, èyíinì ni ìtọ́jú tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yóò ṣe tẹ̀ lé e.

3. Ọgbẹ́, egbò àti ọ̀já

Yorùbá ya ọgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára egbò. Ọgbẹ́ ni ti òjijì, bí ìgbà tí ọ̀bẹ bá gé ni lọ́wọ́. Egbò ni èyí tí ó ti pẹ́ lára. Ọgbẹ́ ni àpótí inú ilé wà fún. Ilé-ìwòsàn ni a ń gbé egbò lọ.

Fún aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí a fi ń di ọgbẹ́, a kọ́kọ́ ronú kan 'ìdọgbẹ́'. A kọ̀ ọ́, nítorí pé bí a bá ti pa fáwẹ́lì ọ̀rọ̀-ìṣe jẹ, olùgbọ́ lè rò pé 'di ọgbẹ́' ni a ní lọ́kàn. 'Ọ̀já ọgbẹ́' dára jù. Ẹni tí ó bá ti fi ọ̀já pọn ọmọ rí mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin, síbẹ̀ kí ó má ṣe fún ọmọ jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọgbẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa rìn.

4. Ìṣòro 'apakòkòrò'

Níhìn-ín ni àṣìṣe ti lè pa ènìyàn. Bí a bá pe omi tí a fi ń fọ ojú ọgbẹ́ ní 'apakòkòrò', kòkòrò àrùn ni a ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n lóko kòkó àti nínú ilé, apakòkòrò ni májèlé tí a ń fín sí kòkòrò. Bí ìgò méjèèjì bá wà nílé, èwo ni ọmọ tí a rán níṣẹ́ yóò gbé wá? 'Oògùn ọgbẹ́' náà kò bọ́ lọ́wọ́ ewu, nítorí pé a ń mu oògùn, a sì ń fi í para.

'Omi ìfọgbẹ́' ni a dábàá: ó sọ iṣẹ́ tí à ń fi í ṣe àti ibi tí à ń lò ó sí. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ ṣì í gbọ́, tí ó bu omi mímọ́ lásán wá, kò séwu. Omi tí ó mọ́ ni a kọ́kọ́ fi ń fọ ọgbẹ́.

5. Òṣùwọ̀n

Fún ẹni tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, bí kò bá sí ìyẹ̀fun omi-iyọ̀ alápò, a lè po ṣúgà ṣíbí 6 àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí mọ́ omi mímọ́ lítà 1. Ṣíbí tíì tí a rẹ́ lórí ni. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ 'ṣíbí' nìkan lè mú kí òǹkàwé lo ṣíbí ìjẹun, tí ó gbà tó ìlọ́po 3. Iyọ̀ àpọ̀jù sì léwu fún ọmọdé.

6. Àkójọ

Ọ̀já ọgbẹ́: aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń di ọgbẹ́.
Omi ìfọgbẹ́: omi tí a fi ń fọ ojú ọgbẹ́, a kì í mu ún.
Ẹ̀mú kékeré: ohun tí a fi ń yọ ẹ̀gún.
Àlùmọ́gàjí: ohun tí a fi ń gé ọ̀já.
Ìbọ̀wọ́: ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan olùtọ́jú lọ́wọ́.
Òṣùwọ̀n ìgbóná ara: ohun tí a fi ń mọ bí ara ṣe gbóná tó.

7. Ìkádìí

Kí a tó fi ọ̀rọ̀-ìperí sínú ìwé, ó yẹ kí a kọ́kọ́ pè é sétí ẹni tí kò kàwé, kí a sì bi í ní ohun tí yóò gbé wá. Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò fi hàn bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣe é lò.