Bí Ẹ Bá Ń Lọ Wo Pápá Bọ́ọ̀lù Ìjẹ̀bú

Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kan wà tí kì í ṣe ọjọ́ ìdíje nìkan ni wọ́n ń lọ sí pápá. Wọ́n fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, nígbà tí kóríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tí ẹnikẹ́ni ò tíì jókòó sórí àga. Láti 2021 tí Everton ti bẹ̀rẹ̀ pápá tuntun wọn létí odò Mersey ní Liverpool, àwọn kan ń fi dúróònù ya fídíò iṣẹ́ náà lemọ́lemọ́, títí wọ́n fi ṣí i ní 2025. Alex Iwobi wa wà nínú ẹgbẹ́ náà nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀; ó ti lọ sí Fulham kó tó parí. Sùúrù tiwa tilẹ̀ ju tiwọn lọ. Ẹni tó ń gbé Súrùlérè ní 1984, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pápá Teslim Balogun, ọdún 23 ló fi ń wò ó kí wọ́n tó ṣí i ní 2007.

Bí ẹ bá jẹ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹ wá sí Ìjẹ̀bú. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ lè rí pápá tí ìjọba kọ́, kí ẹ sì rí èyí tí aládàáni kọ́.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó lè wọ ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ta tàbí Bẹ́gà, kó gba òpópónà Ìbàdàn dé Ṣágámù, kó wá yà sí ọ̀nà Benin. Ará Àjà àti Lekki ò ní láti wọ inú sún-kẹẹrẹ ọkọ̀ ojú ọ̀nà yẹn rárá. Kí wọ́n gba Ẹ̀pẹ́ wọlé. Ará Ìbàdàn yóò gba Ìdí-Ayùnrẹ́ àti Mámu. Tí ẹ bá ti sọ̀ nínú ìlú Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ sọ fún ọlọ́kadà tàbí oníkẹ̀kẹ́ pé "sítédíọ̀mù" lẹ ń lọ. Ẹ jọ ná owó kí ẹ tó gùn ún.

Pápá Dípọ̀ Dina ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Gateway ni wọ́n ń pè é ní 2009, nígbà tó jẹ́ ọ̀kan nínú pápá mẹ́jọ tí a fi gbàlejò Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn ò ju 17 lọ. Orílẹ̀-èdè 24 ló wá sí Nàìjíríà lọ́dún náà, Neymar àti Son Heung-min sì wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá. Dina tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá náà ni olóṣèlú tó díje fún ipò gómìnà ní 2007, tí àwọn apànìyàn sì pa ní oṣù kìíní 2010. Nígbà tí wọ́n ń tún pápá Adámásìngbà ní Ìbàdàn ṣe, ibí ni ẹgbẹ́ 3SC ti gba bọ́ọ̀lù ilé wọn. Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ náà ti sá di í rí.

Ẹ kọ́kọ́ kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. "Ẹ kú iṣẹ́ o" tó jáde látọkàn máa ń ṣiṣẹ́ ju ariwo lọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ wá wò, kí ẹ sì gba àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀ o, nítorí ìṣó àti irin kì í mọ àlejò.

Kóríko ni kí ẹ wò, ẹ má wo ọ̀dà ara ògiri. Ọ̀dà ni wọ́n máa ń fi ṣe ojú ayé nígbà tí àlejò ńlá bá ń bọ̀. Kóríko kì í purọ́. Lẹ́yìn òjò, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ létí ìlà. Tí omi bá rú jáde yí bàtà yín ká, ojú ọ̀nà omi abẹ́ ilẹ̀ ti dí. Tó bá kàn rọ̀, tó sì padà gbé ara rẹ̀ sókè, ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ló wà. Ẹ dé iwájú gọ́ọ̀lù méjèèjì, ibẹ̀ ni gbogbo pápá ti kọ́kọ́ máa ń pá. Tó bá jẹ́ oṣù kejì ni ẹ wá, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú, ẹ bèèrè ẹni tó ń bu omi rin ín àti ibi tí omi ti ń wá. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ju iye èèyàn tí pápá ń gbà lọ.

Kí ẹ tó kúrò nílùú, ẹ jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà ni wọ́n ń rin, tí wọ́n ń fọwọ́ bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó ń hó, kó lè dì ní kókó-kókó láàárín ẹja yíyan àti epo. Tó bá dán bí àsáró, wọ́n ti rò ó jù. Ẹ ra gàrí Ìjẹ̀bú lọ sílé, èyí tó kan dáadáa. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ ọdún Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, kí ẹ ti gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ tipẹ́.

Láti ibẹ̀, ẹ kọjá sí Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, ìlú Awólọ́wọ̀. Pápá Remo Stars wà níbẹ̀, Kúnlé Soname tó ni ẹgbẹ́ náà ló kọ́ ọ. Ní oṣù kẹrin 2025, wọ́n gba ife líìgì àgbà Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, Daniel Ògúnmọ́dẹdé sì ni kóòṣì wọn nígbà náà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìdíje líìgì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ tètè dé, kí ẹ wo kóríko kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ ya fọ́tò kan ní pápá kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ láti yà á láti ojú ibi kan náà.